Ojú Atẹ́gùn Mẹ́fà

Ìrun àsùbáà ni Alhaja Àrìnkẹ́ ń kí lọ́wọ́ nígbà tí pákó ilẹ̀ yàrá rẹ̀ já. Bó ṣe forí kanlẹ̀ ni ilẹ̀ gbé e mì, àyà rẹ̀ kọlu òpó búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, kí aládùúgbò sì tó fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́. Oṣù Kejì ọdún 2009 ni, ní Ajégúnlẹ̀ Kosofe, níbi tí omi ti ń wọlé bá onílé lọ́dọọdún. Nítorí omi yìí ni bàbá Alhaja ṣe gbé ilé náà sókè, tó fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tó sì dá ojú atẹ́gùn mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ pákó kọjá, kí igi má bàa jẹrà.

Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti ju Ṣùkúrù káfíńtà sí àtìmọ́lé. Òun ló ń tọ́jú abẹ́ ilé náà láti nǹkan bí ogún ọdún. Bí omi bá ti fà tán lóṣù Kejìlá, yóò kó ẹrẹ̀ kúrò lójú atẹ́gùn, yóò rá wọ abẹ́ ilé, yóò fi òòlù kan igi wò. Ta ni wọn ì bá tún mú? Ẹ̀sùn pé ó pààyàn ló wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì lè gbé e dé ibi tí kò ti ní padà.

Wọ́n fi ẹjọ́ náà lé Ìnsípẹ́kítọ̀ Hàlímátù Shittu lọ́wọ́, obìnrin tí kì í fi ẹkún ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rí.

“Ọ̀gá, mi ò wọ abẹ́ ilé yẹn láti ọdún méjì,” Ṣùkúrù sọ fún un. “Kọ́ládé, ọmọ àbúrò Alhaja, ló dá mi padà lẹ́nu géètì. Ó ní Alhaja ti gba káfíńtà mìíràn. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n ni.”

“Ẹ ò bi Alhaja fúnra wọn?”

“Ojú tì mí. Mi ò béèrè.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọrí sí ilé olóògbé. Kọ́ládé tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ló kàn láti jogún ilé náà. Ọlámidé, aránṣọ tó háyà yàrá kan nínú rẹ̀, ló mú Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé. Ó gba àárín pálọ̀ kọjá tòun tọmọ lẹ́yìn, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì tẹ̀ lé e. Kọ́ládé fẹ̀yìn ra ògiri, ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yọ sí wọn.

“Madam, ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́,” Kọ́ládé ní. “December tó kọjá ni Ṣùkúrù fi búlọ́ọ̀kù dí gbogbo ojú atẹ́gùn. Ó ní kí eku má wọlé. Ojú mi ló ṣe.”

“Ṣé Alhaja mọ̀?”

Ọlámidé ló dáhùn. “Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé mọ́. Wọ́n máa ń ní Ṣùkúrù ti gbàgbé àwọn. Bọ̀dá Kọ́ládé á ní ó wá nígbà tí Alhaja lọ hospital.”

“Ẹ̀yin náà ń gbé inú ilé yìí?” Ìnsípẹ́kítọ̀ bi Kọ́ládé.

“Rárá. Bọ́ìsì kọ́tà ẹ̀yìn ilé ni mo wà.”

“Ọdún tó kọjá ni wọ́n kó lọ síbẹ̀,” Ọlámidé ní. “Wọ́n ní ooru ń mú àwọn nínú ilé.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ yí ilé náà ká. Ó fẹsẹ̀ tẹ koríko wálẹ̀, ó sì rí ojú atẹ́gùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, sìmẹ́ǹtì ti dí wọn pa. Ìlà ẹrẹ̀ méjì ló fà lórí sìmẹ́ǹtì náà, ọ̀kan nísàlẹ̀ tó ti ń parẹ́, ọ̀kan lókè tó ṣì nípọn.

“Oṣù wo lomi wọlé kẹ́yìn?” ó bi Ọlámidé.

“October. Tèṣí yẹn ga ju ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀ lọ.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ mú Ṣùkúrù jáde, ó bá a sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe gbogbo wọn sí pálọ̀. Ọlámidé gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, Ṣùkúrù dúró ti kóńsítébù pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, àárín gbùngbùn ló sì wà.

“Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, ẹ wá jókòó.”

Kọ́ládé tún fẹ̀yìn ti ògiri.

“Ẹ gba àárín. Àga yín nìyẹn.”

“Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn, Madam.”

“Ẹ jókòó.”

Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. “Ibẹ̀ yẹn ò dáa. Ó máa já.”

“Ta ló sọ fún yín? Yàrá Alhaja ló já. Rọ́bà ló bo ilẹ̀ ibí yìí, kò sì sẹ́ni tó tíì ṣí i wò.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ dìde, ó lọ jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀.

“Ṣùkúrù ti gba ihò yàrá Alhaja wọ abẹ́ ibí yìí, ó fi òpó mẹ́ta gbé e ró láàárọ̀ yìí. Igi abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹ ní December ni wọ́n dí ojú atẹ́gùn, lẹ́yìn tómi ti lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni, kì bá tí sí ẹrẹ̀ kankan lórí sìmẹ́ǹtì yẹn. Ẹrẹ̀ ọdún méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ ti dí i kí òjò 2007 tó dé, ẹ dá Ṣùkúrù padà kó má bàa rí i, ẹ sì kó jáde nígbà tí pákó ń rọ̀. Lánàá, gbogbo wa la gba àárín pálọ̀ yìí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibi tí kò yẹ kẹ́sẹ̀ tẹ̀.”

“Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú.” Ohùn Kọ́ládé ti wọlẹ̀. “Wọ́n ní àyàfi tí ilé bá bàjẹ́ lórí àwọn làwọn fi máa jẹ́ ká tà á. Mo kàn ní kó bàjẹ́ ni.”

Ọlámidé gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. “Bọ̀dá, ojoojúmọ́ lẹ ń rí mi tí mò ń gbé ọmọ yìí kọjá níbí,” ó ní. “Ẹ máa ń juwọ́ sí i.”

Wọ́n bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Ṣùkúrù, wọ́n fi há Kọ́ládé lọ́wọ́, wọ́n sì mú un lọ.

Ṣùkúrù ò lọ sílé. Ó wá òòlù, ó kúnlẹ̀ nínú koríko, ó fọ́ ojú atẹ́gùn àkọ́kọ́. Òórùn igi jíjẹrà tú sí i lójú. Ó fọ́ èkejì, ó fọ́ ẹ̀kẹta, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Ọlámidé bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́, pé òun ì bá ti béèrè lọ́wọ́ Alhaja.