Ọ̀rọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Sọ Bó Bá Ń Jí

Àgbà yí lẹ́ẹ̀kan, ó kùn gìrìrì, ó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àgbà ni orúkọ tí ìyá mi sọ ẹ̀rọ ńlá tó fi ń po ìyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wa. Apá irin rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ó sì tún dé ni, ni Àgbà bá dá yí. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ń na ara ni. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí mo bá jí."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Iṣẹ́ ìdánwò àṣekágbá wa ni. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Wáyà, ní kí kálukú fi kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní Linux, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, darí ẹ̀rọ gidi. Àgbà ni èmi mú. Mo fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ojúhò tí wọ́n ń pè ní sẹ́ríà lára kọ̀ǹpútà, mo kì í bọ àpótí ìdarí Àgbà. Bí kọ̀ǹpútà bá fi lẹ́tà "b" ránṣẹ́, Àgbà á bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi "d" ránṣẹ́, á dúró. Ó tán! Ọmọ oníbúrẹ́dì di ẹnjiníà.

Àṣé kò tíì tán. Nǹkan mẹ́ta ni Bàbá Wáyà kọ sínú ìwé fún wa. Èkíní, kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ máa sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n eré kan náà. Mo ṣe ìyẹn. Èkejì, kọ̀ǹpútà yìí, bó bá ń jí, ìyẹn nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: gbogbo ohun tó bá ń ṣe ló ń rò gba ojúhò sẹ́ríà jáde, nítorí náà, kí a pa á lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a pa á, kí a tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ̀?" Ọ̀rẹ́ mi, tí à ń pè ní Wàràwàrà, pàtẹ́wọ́. "Ọ̀la ni Bàbá Wáyà ń bọ̀! Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ló máa ṣojú ilé ìwé. Ṣé Àgbà ò yí ni? Ó yí! Fi àmì sí i, jàre. Ta ló máa mọ̀?"

Mo fi àmì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkíní nìkan ni mo ṣe.

Ìgbà tí Àgbà wá dá yí lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo tó mọ ewu ibẹ̀. Láàárín àròyé tí kọ̀ǹpútà ń ṣe bó ṣe ń jí, "b" ò ṣaláì wà níbẹ̀. Mo ní màá tún un ṣe bí olùkọ́ bá ti lọ. Ọjọ́ kan péré.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Wáyà dé; Wàràwàrà náà wá wòran, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo wáyà, ó wo ìwé, ó ń mi orí bí ẹni tó ń jẹ oyin. Ìyá mi tẹ̀ mọ́ Àgbà, ó ki ọwọ́ bọ abọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń fi pákó pẹlẹbẹ fá ìyẹ̀fun ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló ń bọ́ àwa mẹ́rin.

"O pa á, o sì tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta?" Bàbá Wáyà bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Fùú! Iná lọ.

"Ẹ má wulẹ̀ pòṣé," ìyá mi wí látinú abọ́. "Ìyẹ̀fun ò nílò iná kó tó lẹ̀ mọ́ irin."

Iná dé.

Iná pupa ara kọ̀ǹpútà ṣẹ́jú. Mo mọ̀ ọ́n: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá lanu, ìdánwò lọ nìyẹn. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ìyá mi ń kọrin lábẹ́nu. Ẹ̀rin. Àrún.

"Màmá, ẹ yọ ọwọ́!"

"Èwo tún ni? Mo ti fẹ́ fá a tán..."

"Irọ́ ni mo pa! Mi ò dán an wò! Ẹ yọ ọ́!"

Ó fa ọwọ́ yọ. Pákó ṣẹ́kù sínú. Gìrìrì! Àgbà yí, pákó kán gbàù, ààbọ̀ rẹ̀ fò kọjá etí Bàbá Wáyà, ó lu ògiri.

Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó ka ìka rẹ̀. "Márùn-ún. Ó pé." Ó tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Mo wẹ̀yìn wo Wàràwàrà. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Wáyà fa bírò pupa yọ. Ó fa igi lé orúkọ mi. "O ò ní ṣojú wa." Mo rò pé ó ti parí. Ló bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ tèmi, ó fa igi lé ìyẹn náà. "Ìwé lèmi náà gbà gbọ́. Mi ò dán an wò."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́. Gbogbo wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pa á, mo tàn án, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àgbà ò mira. Síbẹ̀, bí ìyá mi bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ó máa kọ́kọ́ yọ wáyà iná lára ògiri, á sì gbé e há abíyá.

Bí mo bá sì ní, "Màmá, mo ti parí," ààbọ̀ pákó tó tọ́jú sórí tábìlì ló máa ń wò. Mo ti wá mọ ohun tó ń sọ fún mi: ẹni tó bá fi àmì sí iṣẹ́ tí kò ṣe, ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi dógò.