Búlúù Kì í Ṣe Dúdú

Etí ọkùnrin náà kan pupa, èkejì búlúù. Ohun tí Ọmọ Ọ̀gá kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tó yọ orí lábẹ́ ìdarí mọ́tò tó ń tún ṣe. Ọkùnrin ọ̀hún dúró lẹ́nu géètì, mọ́tò kékeré kan ń dán gbinrin lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀gá oníná ni mò ń wá."

"Ẹ ti rí i."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ tí girísì ti pa láró, ó wo wáyà tó gbé kọ́rùn. "Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Àbí kí n lọ pààrọ̀ ara mi wá?"

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Bàbá ọmọbìnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún iná mọ́tò ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ọmọ Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé orúkọ bàbá ló ń jẹ. Iṣẹ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára dé egungun. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ ń kun mọ́tò ní òpópónà kejì, Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè é.

"Látìgbà tí mo ti kùn ún tán," ni Ọlọ́dà wí, "bí mo bá tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn á máa ṣe bàìbàì, iná kéékèèké iwájú á wá máa tàn láìjẹ́ pé ẹnì kankan pè é."

Ọmọ Ọ̀gá ṣí bùútù, ó tú bọ́ọ̀tì kan, ó fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tuntun bó sílẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́.

"Ẹ wò ó. Wáyà dúdú yìí là ń pè ní áàtì. Ó gbọ́dọ̀ fara kan irin kí iná tó lè rí ọ̀nà padà sílé. Ẹ fi ọ̀dà dí i lọ́nà, ló bá ń gba ilé onílé kọjá."

"Ọ̀dà mi ló jẹ̀bi?"

"Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ọ̀dà ò lẹ́sẹ̀."

Ọlọ́dà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Irọ́ ló ń pa.

Láti ọjọ́ náà, kí Ọlọ́dà tó kun mọ́tò kankan, á kọ́kọ́ fi bébà alátè bo gbogbo bọ́ọ̀tì áàtì. Bó bá kùn ún tán, á ṣí bébà náà, á sì wa mọ́tò ọ̀hún wá fún Ọmọ Ọ̀gá kó wò ó. Àwọn kan a máa gbé aṣọ àti bàtà wá fún ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Bọ́ọ̀tì mímọ́ ni ti Ọlọ́dà. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí "o" sì di "ẹyinjú mi."

Bàbá ò gbà. "Ogójì ọdún ni mo ti ń tún ohun tí ọ̀dà bà jẹ́ ṣe. Ṣé ẹni tó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni n ó wá fọmọ fún?"

Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, bàbá ní mọ́tò ìyá olùkọ́ kan, tí wọ́n fi nǹkan kọlù lẹ́yìn, ni yóò jẹ́ ẹ̀rí. Òun fúnra òun yóò so wáyà iná ẹ̀yìn, Ọlọ́dà yóò sì kùn ún. "Bí iná yẹn bá dúró, mo gbà. Bí ọ̀dà rẹ bá dí i lọ́nà, o ò ní tẹ géètì mi mọ́."

Ọjọ́ kẹta, ìyá olùkọ́ padà dé. Bó ṣe tẹ bíréèkì, iná ẹ̀yìn ṣe bàìbàì, ti iwájú sì ń ṣẹ́jú.

"Mo wí i!" Bàbá ti ń pariwo kí Ọlọ́dà tó sáré dé. "Ọlọ́dà, jáde níbí!"

Ojú Ọmọ Ọ̀gá ni Ọlọ́dà ń wò.

Ọmọbìnrin náà ṣí bùútù. Bọ́ọ̀tì áàtì mọ́ fónífóní, kò sí ọ̀dà lábẹ́ rẹ̀ rárá. Bí kì í bá ṣe ọ̀dà, a jẹ́ pé ibi tí bàbá ti so wáyà ni. Ó lè ṣe bí ẹni ń ha ọ̀dà, kó tún un so ní kọ̀rọ̀, kí orúkọ bàbá má bàjẹ́ lójú oníbàárà. Àmọ́ ọkọ lọ nìyẹn. Bàbá kan náà ló sì kọ́ ọ pé iná ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò ò mọ bàbá, kò mọ ọmọ.

"Bàbá," ó ní, "áàtì mọ́. Ibi tí ẹ ti so ó ni."

Ó tú téèpù. Wáyà dúdú ti iná ni wọ́n so mọ́ búlúù ti mọ́tò tó ń lọ sí iná kéékèèké iwájú, búlúù sì mọ́ dúdú. Ìyá olùkọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọlúàbí.

Bàbá gba wáyà méjèèjì, ó gbé e sínú oòrùn, ó wò ó pẹ́.

"Dúdú méjì ni mò ń rí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Omi lé ròrò sójú ọmọ rẹ̀. Ó wá yé e ìdí tí bàbá fi máa ń ní kó bá òun ṣa wáyà ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan láìpẹ́ yìí.

Ọlọ́dà ló lóṣòó ti bàbá. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín mú un. Èyí ni búlúù. Èyí ni dúdú. Ọwọ́ yín ni kó so ó."

"Ó dá ọ lójú?"

"Àwọ̀ niṣẹ́ mi, Bàbá."

Àgbà náà so ó tán, ó fi téèpù wé e, ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọ̀dà ò lẹ́sẹ̀. N ó lọ rí dókítà ojú lọ́la. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ńkọ́? Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Ọlọ́dà wọlé sídìí ìdarí, Ọmọ Ọ̀gá lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Iná pupa méjèèjì tàn yanran sí i láyà.

"Ó tàn?"

"Ó tàn. Gbé ẹsẹ̀."

"Mi ò gbé e, àfi bí o bá ní wàá fẹ́ mi."

"Ọmọ yìí, dá a lóhùn!" Bàbá ké láti orí bẹ́ńṣì. "Bátìrì ń lọ!"

"Màá fẹ́ ọ! Gbé ẹsẹ̀, jàre!"

Ó gbé e, ó sì bọ́ sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀gá mú àkísà mímọ́, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀dà etí rẹ̀.

"Kí ló wà létí ẹ̀?" Bàbá béèrè. "Dúdú ni àbí búlúù?"

"Búlúù ni, Bàbá."

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Mo gbà yín gbọ́."