Rédíò Kọ́ Bí A Ṣe Ń Dákẹ́

Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀rọ̀ sísọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó bá ọkùnrin gìrìwò kan níwájú dígí, tó yọ ahọ́n síta bí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Irun orí àwọn oníbàárà ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Irinṣẹ́ yín ni mò ń dán wò."

"Ahọ́n tiyín ò níṣòro kankan, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wo tọmọ."

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà. Rédíò làwọn aládùúgbò ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́ sọ dáadáa, àmọ́ ètè àti ahọ́n rẹ̀ kì í mọ̀nà. Lónìí, "omi" á di "obi". Lọ́la, á di "oni". Ìyá Rédíò ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ wo ló ń làágùn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo fẹ́ràn láti jẹ?" ni olùkọ́ bi í.

Ọmọ la ẹnu. Rédíò ti gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọsàn!"

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni mo bi ni?"

"Mò ń ràn án lọ́wọ́ ni."

"Ẹ ń pọ̀n ọ́n kọjá ibi tó fẹ́ rìn dé. Ìgbà wo ni yóò mọ̀ ọ́n rìn? Ẹ jókòó kojú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí ètè yín. Ọ̀rọ̀ kékeré kan, ẹ rọra sọ ọ́, ẹ fi ṣeré léraléra. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró dè é."

Rédíò gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ bá la ẹnu, ẹ̀rọ ìrẹ́run á dákẹ́.

"Rédíò, apá kan orí mi ṣì ń dúró o!" ni oníbàárà kan ké.

"Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lọ́nà."

Nígbà tó yá, Rédíò kì í kàn mú ọmọ wá sọ́dọ̀ olùkọ́ lásán mọ́. Ó ń fá irùngbọ̀n kó tó wá.

"Ta lẹ ń múra fún?" ni olùkọ́ fi ṣe é lẹ́fẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Mo fẹ́ yín."

Ẹ̀rín kú lójú olùkọ́. "Iṣẹ́ mi ò gbà á. Bí mo bá fẹ́ yín, ẹlòmíì ni yóò máa kọ́ ọmọ."

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́kàn lé ẹnu ara rẹ̀! Rédíò bojú wo ọmọ. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ́ ọmọ mi. Tèmi á dúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú ọkàn olùkọ́ lọ pátápátá. Síbẹ̀, ó yíjú sí ọmọ, ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kan, ó lọ wò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ nawọ́ sí ife. Ìyá àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ dúró dè é," ni Rédíò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"O... omi," lọmọ sọ. Ìyá àgbà dìde, ó ń jó láìsí ìlù. "Èmi ni mo pè é lọ́lẹ! Ojú tì mí!"

Olùkọ́ rí i pé ilé ti di ilé ẹ̀kọ́. Ó fa ọmọ lé àgbà olùkọ́ mìíràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé ọmọ àti olùkọ́ tuntun náà ti mọwọ́ ara wọn, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò kọ́ ọmọ yín mọ́."

Rédíò fò dìde. "Olólùfẹ́ mi—"

"Ẹ dákẹ́, aláriwo mi. Ẹnì kan ṣì wà tí mo fẹ́ bi." Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n wá máa bá yín gbé?"

Ètè ọmọ pàdé, ó ṣìnà. Ó tún un ṣe. Rédíò fi eyín di aṣọ ìnuwọ́ mú, òógùn bò ó. Kò sẹ́ni tó ran ọmọ lọ́wọ́.

"Wá," lọmọ sọ. Ó mí kanlẹ̀. "Wá... lé."

Ìyá àgbà ti ń fa àga bọ̀. "Ìyàwó wa, jókòó. Ọmọ ti sọ̀rọ̀, àgbà ò ní ohun tí yóò fi kún un."