Ìwé Ẹ̀rọ Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kò Lábùkù

Nígbà tí Dúrósinmí kọ́kọ́ rí Sẹ̀nami, inú omi ọ̀sà ló dúró sí títí dé orúnkún, ó ká ìró rẹ̀ sókè, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń ka ìwé sókè fún àwọn apẹja mẹ́fà tí wọ́n jókòó sétí ọkọ̀ wọn. Bó bá ka gbólóhùn kan ní Yorùbá, á túmọ̀ rẹ̀ sí Ẹ̀gùn, àwọn apẹja á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, òun ló sì dùn jù. Dúrósinmí náà ti lanu láti bá wọn rẹ́rìn-ín kó tó rí i pé ìwé tí òun fọwọ́ ara òun kọ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ayé ìjọba ológun ni, ọdún tí epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n, tí ẹ̀rọ òkèèrè kò sì ṣeé rà mọ́. Ilé-iṣẹ́ kan létí títì márosẹ̀ Àgbádárìgì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, pé kí wọ́n máa to ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi pọ̀ fún àwọn apẹja etíkun. Dúrósinmí, ọmọ Èkìtì, ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìlò ẹ̀rọ náà ní Yorùbá. Ó kọ ọ́. Ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní èbúté, kì í ṣe kí wọ́n lè bá a wá àléébù rẹ̀, bí kò ṣe kí wọ́n lè yìn ín.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé-iṣẹ́ náà, yàrá rẹ̀ nìkan ló sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nítorí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n Dúrósinmí kì í bá ẹni tó bá rò pé nítorí òun ni jiyàn. Nínú díìsì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà ló ti rí irinṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò. Kò ní àwòrán, kò ní ẹ̀ṣọ́. Èèyàn kàn máa tẹ ìlà àṣẹ kan sójú gíláàsì dúdú ni, irinṣẹ́ náà á ka àádọ́ta ojú ìwé kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tó mu omi tán, á sì to àṣìṣe sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú ìwé kẹrin, ìlà kẹsàn-án, o kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, ojú ìwé kejìlá, o fo nọ́ńbà kan, ojú ìwé ogún, orúkọ méjì lo pe irin kan náà. Nígbà tí gbogbo ìlú ń gba àṣẹ, Dúrósinmí rí ohun kan tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹ má bá a wí bó bá pọ̀ lójú rẹ̀.

Igba ó lé mẹ́tàlá ni àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ń tún un ṣe, ó ń tẹ àṣẹ, títí irinṣẹ́ fi dáhùn pé òdo ni àṣìṣe. Ó tẹ ìdáhùn náà sórí bébà, ó ká a sínú àpò ẹ̀wù, ó sì ń gbé e kiri bí ẹni gbé ìwé ẹ̀rí.

Bébà náà ló fọwọ́ bà lápò ní èbúté lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Sẹ̀nami wo táì ọrùn rẹ̀, ó wo bàtà dídán rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kọ̀ǹpútà náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí?"

Àwọn apẹja tún rẹ́rìn-ín. Dúrósinmí padà sílé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, àmọ́ kó tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ìbínú ti dànù lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ọmọbìnrin náà nìkan ló kù létí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún lọ, ó ní òun fẹ́ wọn gígùn èbúté. Lọ́jọ́ kẹta ó tún un wọ̀n. Lọ́jọ́ kẹrin Sẹ̀nami bi í bóyá èbúté ti gùn sí i látàná.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sagbo, bàbá Sẹ̀nami, ni gbogbo apẹja láti Apá títí dé Ìwòrò ń gbé ẹ̀rọ wọn tọ̀ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, ọmọ rẹ̀ tó kàwé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń tú ẹ̀rọ báyìí. Dúrósinmí á jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé, á máa na sípánà sí i, èyí tó nà kì í sì í ṣe èyí tí Sẹ̀nami béèrè. Sẹ̀nami sọ ọ́ lórúkọ, Ọ̀gá Òdo. Òun náà ní kò burú, pé òdo ni nọ́ńbà tí kò ní igun tó lè gún èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sẹ̀nami fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Dúrósinmí fa bébà òdo yọ lápò. Ó yé Sẹ̀nami pé ẹni yìí kò ní fetí gbọ́ àfi kó fojú rí i.

Nítorí náà, nígbà tí Dúrósinmí ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Sẹ̀nami ní kó wá sọ ọ́ fún bàbá òun. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀ọ́dúnrún ìwé náà ti jáde, wọ́n ti wà nínú páálí, ọ̀gágun kan sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti pín ẹ̀rọ àti ìwé fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ẹ̀rọ rí.

Sagbo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó mú un lọ sídìí ọkọ̀ kan tí wọ́n wọ́ gun iyanrìn, tí wọ́n yí ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, bí gbogbo apẹja ibẹ̀ ti ń ṣe tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Ó na ìwé sí i.

"Akọ̀wé, wọ́n á ti ọkọ̀ yìí sómi fún ọ. Ohun tí ìwé rẹ wí ni kó o ṣe. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀."

Àwọn apẹja ti ọkọ̀ sómi. Dúrósinmí wọlé sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó mọ ìwé tirẹ̀ lórí. Ó yẹ ọ́ìlì wò. Ó ṣí epo. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí ó fi kan ibi tí ìwé ní kó fa okùn. Ó fà á, ẹ̀rọ bú ramúramù. Ó yíjú sí Sẹ̀nami láti rẹ́rìn-ín sí i, ó bá a tó ń sáré bọ̀ nínú omi. Sẹ̀nami na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà. Òórùn rọ́bà tó jóná gba afẹ́fẹ́.

Sókè ni ẹ̀rọ ṣì wà. Fáànù ìdí rẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ ń yí nínú afẹ́fẹ́ lásán, rọ́bà tó yẹ kó máa fa omi tutù sínú rẹ̀ kò rí omi fà.

"Ojú ìwé wo lo ti ní kí wọ́n sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú omi kí wọ́n tó fa okùn?" Sẹ̀nami bi í.

Ó ṣí ìwé láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí. Bí wọ́n bá ti to ẹ̀rọ tán nílé-iṣẹ́, inú àgbá omi ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ láti dán an wò, ẹ̀gbẹ́ àgbá náà ni Dúrósinmí sì jókòó sí kọ ìwé. Ìgbà gbogbo ni ẹ̀rọ wà nínú omi lójú tirẹ̀. Kò kọ ohun tí kò rí ẹnikẹ́ni ṣe rí, irinṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè tọ́ka sí ìlà tí a kò kọ.

"Àwa mọ̀, ìyẹn la ṣe ń rẹ́rìn-ín," Sagbo wí. "Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ pín in fún kò mọ̀."

Sẹ̀nami dúró tì í nínú omi. Ojú rẹ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Dúró. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí ìwé yìí bá jáde bẹ́ẹ̀ nítorí kí ojú má tì ọ́, má wá mi wá mọ́."

Dúrósinmí sáré padà sílé-iṣẹ́. Ọ̀gá wọn, Adékọ́lá, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù ẹni tó ti rán agbádá tuntun fún Ọjọ́bọ̀. Ó ní kò burú, wọ́n á tún un ṣe nínú ìtẹ̀jáde kejì. Ó ní bébà òdo yẹn ni Dúrósinmí máa kà sétí ọ̀gágun, àti pé tó bá kà á dáadáa, ipò ọ̀gá ẹ̀ka ti di tirẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, èbúté kún. Àwọn ṣójà tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí ìwé. Sẹ̀nami dúró lọ́ọ̀ọ́kán láàárín àwọn apẹja, ó káwọ́ gbera, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Dúrósinmí. Wọ́n na gbohùngbohùn sí i. Ó tú bébà náà, ó wò ó, ó ká a padà.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tẹ̀ lé ìwé yìí. Bí ẹ bá ṣe ohun tó wí, ẹ̀rọ yín máa jóná lọ́jọ́ kìn-ín-ní."

Ọ̀gágun yíjú díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe àṣìṣe náà.

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò."

"Àṣẹ ló gbà, sà. Ibi tí mo ní kó wò ló wò."

Ọ̀gágun wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á mu omi àgbọn, òun á sì kí àwọn baálẹ̀. Kí òun tó dìde, kí ìwé náà ti pé.

Ẹ ò bá rí wàhálà. Wọ́n ya páálí, wọ́n pín bírò. Akọ̀wé, apẹja, ṣójà méjì tí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára, gbogbo wọn jókòó sétí ọkọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ìlà kan sínú ọ̀ọ́dúnrún ìwé. Sẹ̀nami ló ń pe ìlà náà fún wọn: kí o tó fa okùn, sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ títí omi yóò fi bo fáànù rẹ̀. Dúrósinmí ti bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, òógùn bò ó. Adékọ́lá wá sọ sí i létí pé kó gbàgbé ipò ọ̀gá ẹ̀ka, pé láti Mọ́ńdè, ìdí àgbá omi ló ti máa ṣiṣẹ́. Dúrósinmí ní ó dáa, sà, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Sagbo gbọ́. "Ìdí àgbá náà dára," ó wí. "Ibẹ̀ lo ti máa rí ẹ̀rọ. Ní Sátidé, kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Nígbà tí ọ̀gágun lọ tán, Sẹ̀nami mú ìwé tó kẹ́yìn, ó fa Dúrósinmí wọ inú ọkọ̀. Òun kà, Dúrósinmí ṣe. Ó sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, omi bò ó, ó fa okùn. Ọkọ̀ fò sórí ọ̀sà, ìgbì là sọ́tùn-ún là sósì, àwọn igi àgbọn ń sá sẹ́yìn. Sẹ̀nami tẹnu mọ́ etí rẹ̀.

"Asu ṣie."

"Ẹ̀gùn nìyẹn. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Bi bàbá mi ní Sátidé."

Ọmọ Èkìtì kì í gbàgbé iṣẹ́ tí a rán an. Ní Sátidé, lójú ìbátan mọ́kànlá tó kó wá, Dúrósinmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bi Sagbo, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ohun tí asu ṣie jẹ́.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀. Sẹ̀nami tẹ orí ba, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n léjìká.

"Ọkọ mi ni," Sagbo wí. "Ṣùgbọ́n òun ni kó máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀ o. Èmi, ọmọ mi ni màá máa pè ọ́. Dìde."