Ẹ Nu Ojú Yín

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ojú yín."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà sọ sí i nìyẹn, ó sì dùn ún dé egungun. Obìnrin tó jókòó síwájú kámẹ́rà yìí, òróró ojú ló ń tà. Kóró yànmọ̀tí ló ń fún, tó ń sẹ́, tó ń rọ sínú ìgò kéékèèké, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Olóróró. Ojú rẹ̀ yìí gan-an ló fi ń polówó ọjà. Ta ní í sọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó ju òòlù rẹ̀ nù?

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ó ń dán jù, mà. Bí mo bá yà á báyìí, àwọn tó ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ yín á rò pé dígí lẹ gbé wá."

"Ẹ ya dígí náà bẹ́ẹ̀."

Onífótò bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ áńkáṣíìfù tó mọ́ lápò, ó sún mọ́ ọn, ó fi ìka méjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè. "Ẹ dákun, Ìyáàfin Dídán, díẹ̀ péré ni."

Láti ìgbà tí ìyá Olóróró ti kú, ọwọ́ ẹlòmíràn kò kan ojú rẹ̀ rí. Nígbà tó ń dágbére, ó rí i tí Onífótò ń họ ìka méjèèjì náà. Ó rò pé ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, Onífótò fúnra rẹ̀ gbé fótò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní òun gbàgbé báírò. Báírò wo? Kò sí báírò kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbàgbé irú báírò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ má purọ́ fún mi.

Ó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tí Olóróró fi ń fún òróró, á máa gbọ́ bó ṣe ń kọ́ àwọn oníbàárà.

"Fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú, má nù ún gbẹ. Kán òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí o wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé ojú, kí o tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́. Má fi ra á bí ẹni ń kun ògiri o! Ṣùgbọ́n kó tó kan ojú rárá, kán án sí inú ìgúnpá, níbi tí apá ti ń ká, kí o dúró di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá pọ́n, gbé ìgò mi padà wá."

Lọ́jọ́ kan ó yíjú sí Onífótò. "Ìwọ náà, na apá ẹ."

"Èmi kẹ̀? Ojú ọkùnrin ò mọ òróró o, Dídán mi. Jẹ́ kí tìẹ máa dán fún àwa méjèèjì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀. Gbogbo oníbàárà ni Olóróró máa ń ní kó kọ́kọ́ fi apá gbìyànjú. Olólùfẹ́ rẹ̀ nìkan ló fojú fò.

Lọ́jọ́ tí Onífótò sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí. Olóróró sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko kọjá, a ò gbúròó ọkọ ìyàwó. Nígbà tó dé, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀. Orí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ náà ló sì ń jókòó sí láti ọjọ́ yẹn. Bí Olóróró bá sún mọ́ ọn, á sún sẹ́yìn. Bó bá fẹ́ dì í lọ́wọ́ mú, á ní ọwọ́ òun dọ̀tí.

Ẹ̀gbọ́n Olóróró, tó ń ránṣọ ní yàrá ẹ̀yìn, kò mọ ọ̀rọ̀ í fi pamọ́. "Àbúrò mi, ọkùnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀nà ló ń wò. Ojú ẹ ti ń hunjọ, òun sì ń ya àwọn ọmọge ní fótò lójoojúmọ́. Jẹ́ kó máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé dígí, ó rí ìlà tó ti ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Kí ló wá ṣe? Òróró ló fi kún òróró! Tẹ́lẹ̀ ó máa ń kán an ni, ní báyìí ó ń bù ú. Ó fi pa ojú, ó fi pa ọrùn, ó fi pa apá. Bó ṣe ń dán sí i ni Onífótò ń jìnnà sí i, tí yóò máa wúkọ́, tí ojú rẹ̀ yóò pọ́n, tí yóò ní eruku ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ wọlé. Ìloro ló dúró sí.

"Mo ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò. "Dídán mi, bójú bá yẹjú..."

"Parí ẹ̀."

Kò parí ẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti àwọn méjì yìí, ẹnu tó mẹ́nu jù ló kó ọ̀ràn bá tiwọn.

Ìrọ̀lẹ́ ló wá le jù fún Olóróró. Ó ń fọ ojú rẹ̀, ó ń kán òróró, ó ń gbé ọwọ́ lé ojú bó ṣe ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Á fi ọwọ́ náà síbẹ̀ pẹ́, á máa ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tòun. Ọwọ́ á tutù, á sì mọ̀ pé tòun ni. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó gbé àpò yànmọ̀tí lé èkejì, kó má baà máa rí i bó ṣe ṣófo. Àdánìkanwà ọ̀hún pọ̀ lápọ̀jù.

Bó ṣe wà nìyẹn títí tí ìyá Onífótò fi yọ sí i lọ́sàn-án kan. Ìyá náà fi gèlè bo imú, kò kọjá ìloro. Olóróró kúnlẹ̀ kí i.

"Dìde, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kó lọ."

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Òróró ẹ ni. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó wú délé. Ojú dí, ọrùn wú, agbára káká ló fi ń mí. Dókítà ní yànmọ̀tí ni ara ẹ̀ kọ̀. Mo ní kó sọ fún ẹ. Ó ní òróró yẹn ni ìyá ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ, pé bó bá sọ ọ́, wàá jù ú nù nítorí òun. Èmi wá ní ohun tára bá kọ̀, kéèyàn fi í sílẹ̀." Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò jẹun mọ́. Ó ń gbẹ lọ."

"Kì í ṣe pé mo ti ń darúgbó ni?"

"Arúgbó? Kí ni wọ́n á wá pe èmi?"

Ẹ̀rín pa Olóróró, ẹkún sì gbà á lójú kan náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti kó gbogbo yànmọ̀tí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun tà á.

"Ṣé orí ẹ pé?" lẹ̀gbọ́n pariwo. "Òróró ìyá wa!"

"Ìyá wa náà ló kọ́ mi pé bí ibẹ̀ bá pọ́n, kí wọ́n gbé ìgò padà wá."

Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹ̀rọ náà léraléra. Ó fọ aṣọ, ó fọ irun. Ó fún kóró elégédé sínú ìgò kan, ó fún kóró bàrà sí òmíràn, kò sì fi ìkankan pa ara. Nígbà tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ìyá Onífótò júwe fún un, ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú.

Onífótò kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tún iná ṣe. Olóróró jókòó síwájú kámẹ́rà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ojú yín sókè díẹ̀."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ nù ún?"

Ọkùnrin náà yí padà. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Dídán mi! Yànmọ̀tí ńkọ́?"

"Kò sí lára mi mọ́. Na apá ẹ."

Ó kán òróró elégédé sí i nínú ìgúnpá. Ilé àlejò ló sùn sí. Nígbà tó padà wá láàárọ̀, Onífótò ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti wú.

"O rí i, ìfẹ́ mi," ó ní. "Máa lọ sílé."

"Ó ku kóró bàrà."

"Bí ìyẹn náà bá kọ̀ ńkọ́? Bí gbogbo kóró ayé bá kọ̀?"

"Ojú mi á gbẹ nìyẹn."

Onífótò wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbígbẹ náà. Kíá ló gbé e kúrò, ó yí i sókè, ó ń wò ó, bó ti mọ́ ọn lára láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń wò ó.

Kò yún un. Ó gbé e padà síbẹ̀.