Orúkọ Tabitha Nínú Ìwé Nọ́ọ̀sì Sabina

Yíǹkì náà kò tíì gbẹ nígbà tí Sabina ṣí ìwé àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ìwé náà ń gbé. Ọdún 1956 ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, aláìsàn kankan kò tíì wọ ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ní Ladi-Lak. Síbẹ̀, ìlà kan ti kún: Tabitha Ikúmápàyí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà àìsàn wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ fún oyún tó bàjẹ́ tí kò jáde tán. Ní ìparí ìlà: “Ó kú, agogo méjì ọ̀sán.”

Ọwọ́ ìkọ̀wé Sabina gan-an ni.

Kó tó pa ìwé dé, Japhet apẹja ti gbé ìyàwó rẹ̀ wọlé láti etí ọ̀sà. Ẹ̀jẹ̀ ti la ìró méjì já.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà wá! Oyún oṣù mẹ́ta ló bàjẹ́ lára rẹ̀ níjẹta. Ẹ̀jẹ̀ ò dá.”

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Tabitha.”

Orí Sabina wú. Agogo kan àbọ̀ ti lù.

“Ẹ gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Onipanu, kí ẹ pe dókítà wá. Kó gbé ẹ̀jẹ̀ dání!”

Nígbà tó yíjú padà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìró rẹ̀ rin gbindin, omi ń kán sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta lóde.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ló wí jẹ́jẹ́. “Wọ́n ti kọ ọ́. Ọmọ mi ń bá mi lọ.”

“Ta ló kọ ọ́? Èmi ni mò ń kọ̀wé níbí!”

Ó gún Tabitha ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé ọmọ súnkì. Ó fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka yọ ìyókù oyún tó há sẹ́nu ilé ọmọ, ó sì ń fọwọ́ ra ikùn rẹ̀. Òórùn ọ̀sà gba yàrá kan. Ọwọ́ tútù kan di ọrùn ọwọ́ Sabina mú. Sabina gbọ̀n ọ́n dànù.

“Mo ní o ò ní í mú un lọ!”

Aago lu méjì. Ìṣàn ọrùn ọwọ́ Tabitha dákẹ́. Sabina kò gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tó gùn bí ọdún, ìṣàn náà tún lù, ó tún lù. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Nígbà tí dókítà fi máa wọlé, omi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì. Sabina fa ìlà gbọọrọ lé ikú yẹn lórí, ó kọ “Ó yè” sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, Tabitha jókòó, ó ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.

“Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ìjà ẹ̀yin àti ìyá mi.”

“Ìyá rẹ? Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mo rí.”

“Òun náà ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, nígbà tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí pa á nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọn ò rí ilé ìwòsàn dé. Èmi ò tíì máa rìn nígbà náà.” Tabitha wo ẹnu ọ̀nà. “Ó ní òun ń padà bọ̀.”

Sabina ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

“Kó máa bọ̀. Á bá mi níbí.”