Oúnjẹ Tí Kò Yẹ fún Igún

Gíláàsì ni ìyá tó bí igún yìí. Ìkòkò gíláàsì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ìyá-onígíláàsì ló gbé oyún rẹ̀, láti inú ìyẹ́ kan ṣoṣo tó kù lára adé ọba àtijọ́. Ìlú Òkè-Ìrọ̀rùn tó ti kọ́lé sórí òṣùpá, tó ń fi ẹ̀rọ pàṣẹ fún òjò, kò ní igún kan mọ́. Wọ́n ti pa gbogbo wọn tán láìmọ̀, nítorí kò sí ẹni tó bìkítà láti mọ̀. Ọ̀làjú nìyẹn!

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló mú wọn rántí igún. Ẹ̀rọ òjò ń ṣe ségesège, ẹsẹ̀ ará ìlú ń wú, àwọn àgbà ní ẹbọ ni. Bẹ́ẹ̀ bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ. Igún ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kí ẹbọ tó fín. Ni wọ́n bá ní kí Dókítà Mopélọ́lá ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlú ṣe igún jáde, bí ẹni rán ọmọ lọ ra iyọ̀.

Mopélọ́lá ṣe é, ó tọ́ ọ, ó sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fún un ní èkúté tó ń sìn fún un. Ẹyẹ náà a gbé orí pípá rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ ẹbọ pé, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n gbé e wá. Ewúrẹ́ ìlú yìí, oúnjẹ ẹ̀rọ ni wọ́n ń fún un kó lè tètè sanra bí àgbá, egungun rẹ̀ kì í sì í lè gbé ẹran ara rẹ̀. Kó má baà wó lulẹ̀, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ ìdúró, tí kì í jẹ́ kó mọ̀ pé ara ń ro òun. Ẹran á máa dúró lórí egungun tó ti kán! Wọ́n á pa á, wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á ní ó dùn.

Mopélọ́lá di ẹyẹ rẹ̀ mọ́ àyà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ ewúrẹ́ yìí. Mo rò pé abẹ́rẹ́ yẹn ló pa àwọn igún àtijọ́. Ẹ jẹ́ ká wá ẹran igbó."

Baálẹ̀ Akíntẹ́yẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó wú rọ̀gọ̀dọ̀ síwájú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Igbó wo? Èyí tí a fi ṣe pápá ọkọ̀ òṣùpá?"

"Baba, ẹ fún mi láyè díẹ̀—"

"Ìwọ ọmọ yìí! Ohun tí èmi Akíntẹ́yẹ ń jẹ láràárọ̀ ni kò yẹ fún igún? Igún! Apárí ajòkú!"

"Bóyá ká dín dòdò fún un," Ọ̀tún Baálẹ̀ sọ, àwọn ìjòyè sì pa ẹ̀rín.

"Ta ló tiẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ náà?" Baálẹ̀ bi í.

Mopélọ́lá wo ilẹ̀. "Ilé-iṣẹ́ wa ni, Baba."

"Ẹ̀hẹ́n. Tú ẹyẹ sílẹ̀."

Kò sí ẹni tó fà á lọ́wọ́. Ó tú u sílẹ̀.

Kòkúmọ́ balẹ̀ sórí ẹbọ, ó jẹ ẹ́ yó. Ìlú hó yèè pé ẹbọ ti fín, wọ́n sì pín ẹran tó kù jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ọrùn ẹyẹ náà rọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti kú. Mopélọ́lá gbé òkú rẹ̀ lọ síwájú Baálẹ̀, ó sì la inú rẹ̀ lójú gbogbo ìjòyè. Kíndìnrín rẹ̀ ti funfun bí ẹfun.

"Abẹ́rẹ́ ìdúró nìyí, Baba. Ó wà nínú ẹran tí gbogbo yín jẹ lánàá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wo kíndìnrín ẹyẹ, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tún wo kíndìnrín.

"Ṣe òmíràn. Ṣe èyí tí kì í jẹ ẹran."

"Ìyẹ́ ti tán, Baba."

Ìgbà náà ni wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ọbẹ̀ ewúrẹ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ bu òkèlè, nítorí ní gbogbo Òkè-Ìrọ̀rùn, kò sí ẹran mìíràn.